Apẹja Ẹ̀pẹ́, Màlúù Omi àti Ìròyìn Tí Mo Kọ

Ìròyìn kan wà tí mo kọ ní ọdún 2004 tí ó ń dùn mí títí di òní olónìí. Kì í ṣe pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ ni ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ pé, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ pé, orúkọ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí náà pé pérépéré. Ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà yìn mí, ó ní mo káre. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìròyìn náà ba iṣẹ́ ẹnì kan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò bi ẹni náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí n bi í.

Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi. Omi ọ̀sà ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jìn sí ara wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mọ́tò ni a ń wọ̀ lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi, ṣùgbọ́n bàbá tí ó bí ìyá mi a máa sọ fún wa pé ní ìgbà tiwọn, omi ni ọ̀nà. Láti Ẹ̀pẹ́, wọn a gba Èjìnrìn kọjá, wọn a sì máa wa ọkọ̀ lọ títí wọn yóò fi dé èbúté Ìkòròdú tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó. Apẹja ni bàbá àgbà. Èyí kò ní ya ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu, nítorí pé ẹja ni gbogbo ènìyàn fi mọ ìlú náà. Kò sí ẹni tí yóò dé ọjà Olúwo tí kò ní mọ̀ pé ilé ẹja ni òun dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2004 yìí, ẹnì kan pe ọ́fíìsì wa lórí fóònù pé àwọn apẹja fa ohun ńlá kan jáde nínú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ni ìyá mi, èmi ni wọ́n rán. Nígbà tí èmi àti ayafọ́tò wa dé etí omi, èrò ti pé bí ẹni ń wòran eégún. Ẹran kan ni ó nà gbalaja sórí iyanrìn, ó gùn tó ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré. Orí rẹ̀ rí roboto, ojú rẹ̀ kéré bí ìlẹ̀kẹ̀, ìrù rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí abẹ̀bẹ̀, irun gíga-gíga sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó ti kú. Àwọ̀n ni ó há sí ní òru. Ẹran tí ń mí bí ènìyàn ni. Nígbà tí kò rí àyè gòkè wá mí, ó kú sínú omi tí ó jẹ́ ilé rẹ̀.

Apẹja tí ó ni àwọ̀n náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ó jókòó sí etí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo àwọ̀n rẹ̀ tí ó ti ya yánnayànna. Mo bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi. Mo bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á nígbà tí ó rí ohun tí ó wà nínú àwọ̀n. Mo kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, ayafọ́tò ya àwòrán, a sì padà sí Èkó kí ilé ìtẹ̀wé má baà ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Kí oòrùn tó kan àtàrí ni wọ́n ti gé ẹran náà tà.

Ìròyìn mi jáde ní ọjọ́ kejì. Mo pe ẹran náà ní ẹranko abàmì, mo ní àwọn kan gbà pé Mámíwọ́tà ni. Ní ìparí rẹ̀, láti fi hàn pé mo kàwé, mo fi gbólóhùn kan kún un pé òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba pípa irú ẹran bẹ́ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dé. Orúkọ ti wà nínú ìwé ìròyìn, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wádìí. Wọ́n kó àwọ̀n tí ó kù nílé rẹ̀, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì sun àtìmọ́lé fún òru méjì. Ẹ́ńjìnnì náà kò padà wálé mọ́. Àwọn tí ó ra ẹran náà, tí àwọn mìíràn nínú wọn gbé mọ́tò wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà mi tẹ́rí gbaṣọ, a sì lọ sin wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Bí mo ti ń kí àwọn àgbà káàkiri abẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ kan dì mí mú. Apẹja náà ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé ẹni tí ó jókòó tì í kò gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, ìwọ ni o kọ̀wé nípa mi. N kò bínú, ọmọ wa ni ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n o bi mí ní orúkọ, o bi mí ní ọjọ́ orí, o bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Kí ló dé tí o kò bi mí ní ohun tí mo mọ̀ nípa ẹran náà?"

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ tíì dàgbà nígbà náà, mo sì ti ṣe é. N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan mọ́, n kò sì ní dá a lónìí.

Ẹran tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní manatee. Àwọn Hausa ń pè é ní ayú. Ẹni tí ó bá pè é ní màlúù omi kò ṣì í pè, nítorí pé koríko àti ewé etí omi ni ó ń jẹ ní pàtàkì, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kì í ṣe ẹja rárá. Erin tí ń bẹ nínú igbó ni ìbátan rẹ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà ni irú tiwa yìí ń gbé, nínú odò, nínú ọ̀sà àti ní etí òkun. Ó ń lo nǹkan bí ọdún kan nínú oyún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ọmọ náà yóò tún tẹ̀lé ìyá rẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tí ń bímọ báyìí kò lè fara da ìpakúpa. Ẹni tí ó bá pa abo kan ti pa ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Nàìjíríà ti wọ àdéhùn àgbáyé tí a mọ̀ sí CITES, èyí tí ó ń dá òwò àwọn ẹranko tí ó fẹ́ run dúró láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun ṣe òfin tiwa lórí irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Bangkok, àwọn orílẹ̀-èdè CITES gbé manatee ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sí ìpele tí ó le jù, níbi tí òwò rẹ̀ ti di èèwọ̀. Ní ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbádòfin tuntun tí yóò mú ìjìyà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo faramọ́ ọn. Ẹni tí ń kó ìpẹ́ akika àti eyín erin gba èbúté wa jáde kò yẹ ní ẹni à ń ṣàánú.

Ṣùgbọ́n mo ti ka òfin ọdún 1985 náà láti òkè délẹ̀. Ó to orúkọ àwọn ẹranko, ó sọ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sọ ìjìyà. N kò rí ibi kan nínú rẹ̀ tí ó ti ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá àwọn tí ń gbé etí omi jókòó. Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí apẹja ni òfin náà fá, olórí kò sì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí apẹja náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo mú owó díẹ̀ dání nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ní kí n jókòó kí n wá gbọ́ ohun tí n kò bi òun ní ọjọ́sí.

Ó ní bàbá òun jẹ́ ọdẹ omi, bàbá àgbà tèmi náà sì mọ iṣẹ́ náà. Wọn kì í lọ lójoojúmọ́. Wọn a máa wo koríko etí omi. Bí orí rẹ̀ bá gé ṣákáṣáká bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ, wọ́n mọ̀ pé ẹran náà wà nítòsí. Wọn a jókòó sínú ọkọ̀ ní òru, wọn kò ní sọ̀rọ̀, wọn kò ní jẹ́ kí àjẹ̀ kan igi ọkọ̀, títí wọn yóò fi gbọ́ èémí rẹ̀ nígbà tí ó bá yọ imú sókè. Ọ̀kọ̀ olókùn ni wọ́n fi ń gún un. Ẹlòmíràn a lo òru mẹ́wàá kí ó tó rí ẹyọ kan, òmíràn kì í rí rárá. Nínú ìdílé tiwọn, èèwọ̀ ni láti gún ìyá tí ọmọ ń tẹ̀ lé. Èèwọ̀ ni láti lọ nígbà tí omi bá kún tí ó bo koríko, nítorí wọ́n gbà pé ìgbà náà ni Ọlọ́sà ń tọ́mọ. Ẹni tí ó bá pa á gbọ́dọ̀ gbé orí rẹ̀ lọ fún olórí ẹbí, èyí sì túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó lè pa á ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹnì kan bá ti pa méjì láàárín ọdún, olórí ẹbí yóò ti mọ̀, yóò sì ní ó tó gẹ́ẹ́.

Bí mo ti ń gbọ́ ọ ni mo ń rò ó nínú ara mi pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní yunifásítì nìyí: ìgbà tí a ń pa á, ìgbà tí a kì í pa á, iye tí a lè pa, àti ẹni tí ń ṣírò rẹ̀. Èdè ẹbí ni wọ́n fi sọ ọ́, èèwọ̀ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n òfin ni.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ohun gbogbo dára láyé àtijọ́. Nígbà tí mo bi bàbá náà bóyá èèwọ̀ wọ̀nyí ṣì wà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọ̀n ọ̀rá ni ó pa èèwọ̀. Àwọ̀n tí àwọn baba wọn fi òwú hun a máa já bí ẹran ńlá bá kọlù ú. Ti ọ̀rá tí ó wọlé dé lẹ́yìn náà kì í já bọ̀rọ̀. Ó ní: "Ọ̀kọ̀ mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Àwọ̀n kò mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹbí kankan dé sí orí omi, tí wọn kò sì ní olórí ẹbí tí wọn yóò gbé orí ẹran lọ fún. Òfin ìbílẹ̀ kò lè de ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ nìyẹn, ẹni tí ó bá sì ń gbèjà àwọn apẹja láìsọ ọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Òtítọ́ kejì wà ní ìhà ilé bàbá mi. Bí ẹ bá dé etí ọ̀sà ní Báyékù tàbí Ìjẹ̀dẹ́ ní agbègbè Ìkòròdú, ẹ óò rí àwọn ẹ̀rọ tí ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ omi. Iyanrìn yìí ni a fi ń kọ́lé, òun ni a sì fi ń di omi pa kí a lè rí ilẹ̀ tà. Ibi tí wọ́n bá ti fa iyanrìn yóò di kòtò jíjìn, omi ibẹ̀ yóò dà rú bí ẹ̀kọ tútù, koríko yóò kú, ẹja kì í sì í lè yé ẹyin síbẹ̀ mọ́. Àwọn ìbátan mi tí ń pẹja ní ìhà ibẹ̀ ní àwọn a máa wa ọkọ̀ jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí àwọn tó rí ohun tí yóò kún apẹ̀rẹ̀. Manatee kò nílò ọ̀kọ̀ kankan kí ó tó kú ní irú ibẹ̀. Ebi tó láti lé e lọ.

N kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá mi kí n sì pa tèmi mọ́. Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi ní Ìkòròdú, ọkọ̀ iyanrìn mélòó kan ni ó já ẹrù sí iwájú rẹ̀. N kò bi awakọ̀ náà ní ibi tí ó ti rí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ẹran náà ni mo fi mọ ilé tèmi.

Ta ni ó wá ni ọ̀sà? Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àjọ NIWA, èyí tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀, ní abẹ́ òun ni omi wà. Àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó ní rárá o. Àwọn ọlọ́kọ̀ èrò orí omi àti ẹgbẹ́ àwọn tí ń wa iyanrìn wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí pé owó ìwé àṣẹ ń jáde lápò wọn ní ìhà méjèèjì. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí dá a pé àjọ NIWA ni ó ní àṣẹ. Àwọn lọ́yà sọ̀rọ̀, àwọn onímọ̀ òfin kọ̀wé, àwa oníròyìn náà sì gbé e. Mo ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ, mo ń wá ibi tí wọn yóò ti dárúkọ apẹja. N kò rí i. Ìjọba méjì àti àwọn oníyanrìn ni ẹjọ́ náà dùn. Ẹni tí ó ti wà lórí omi kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé kò sí nínú ìròyìn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí ó ti rí látijọ́ nìyí. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ ogun, síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Campbell tí ó jẹ́ aṣojú wọn ní láti wá bá Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, nítorí ó mọ̀ pé òwò kò lè lọ dáadáa lórí ọ̀sà láìsí ọwọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Bí amúnisìn bá lè jókòó bá ará Ẹ̀pẹ́ ṣe àdéhùn lórí omi, kí ni ó dé tí ìjọba tí a fi ìbò yàn kò lè ṣe é?

Àwọn ibòmíràn láyé ti ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣọdẹ àbùùbùtán láti ayébáyé. Ní ọdún 1977, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran náà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró pátápátá, nítorí pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà pé èyí tí ó kù kò tó nǹkan. Àwọn ọdẹ ní irọ́ ni. Wọ́n ní abẹ́ yìnyín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá, níbi tí ẹni tí ó dúró sí etíkun kò ti lè rí wọn kà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, nígbà tí ó sì di ọdún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn ṣe àdéhùn pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa bójú tó ọdẹ náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ igbe ẹran sínú omi, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni àwọn ọdẹ sọ. Iye tí wọ́n lè pa ní òǹkà, àwọn ọdẹ fúnra wọn ni ó ń ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2011 tí wọ́n tún ka ẹran náà, ó ti lé ní 16,000.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Ní Gáńbíà, àwọn obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wá ẹran inú ìkarahun tí ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ní ẹ̀gbẹ́ Banjul. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní TRY sílẹ̀. Ní ọdún 2012, ìjọba fún wọn ní ẹ̀tọ́ pé àwọn nìkan ni ó lè máa kó o ní agbègbè náà. Àwọn náà gbà láti má ṣe fọwọ́ kàn án fún oṣù púpọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa dáàbò bo igi ẹ̀gbà. Obìnrin tí kò mọ ìwé púpọ̀ di ọlọ́pàá odò, nítorí pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣọ́ jẹ́ tòun. Ní Ọsirélíà pẹ̀lú, níbi tí dugong tí ó jẹ́ ìbátan manatee ń gbé, láti ọdún 2005 ni àwọn ìdílé ìbílẹ̀ ti ń bá ìjọba kọ ìwé àdéhùn lórí ẹran inú omi tí wọn yóò pa, ibi tí wọn yóò ti pa á, àti ìgbà tí wọn yóò fi í sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní Nàìjíríà kì í ṣe Alaska; bí a bá gbé àṣẹ fún apẹja báyìí, àná ni wọn yóò ti pa gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, n kò sì ní fi ọwọ́ gbá a dànù. N kò sọ pé kí a ṣí ọdẹ manatee sílẹ̀ lónìí. Mo bi bàbá apẹja yìí fúnra rẹ̀ ní iye tí ó yẹ kí wọ́n máa pa lọ́dún bí wọ́n bá ní kí òun sọ ọ́. Kò tilẹ̀ ronú kí ó tó dáhùn. Ó ní: "Kò sí. Ẹ jẹ́ kó bí ná." Ìdájọ́ yìí kò yàtọ̀ sí ti òfin Àbújá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ó bá ti ẹnu tirẹ̀ jáde ní gbangba, níwájú àwọn ọ̀dọ́ apẹja tí ń pè é ní bàbá, wọn yóò gbọ́. Ẹ̀tọ́ ọdẹ kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti pa nìkan. Ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí a má pa á wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ìjọba ka àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti àwọn ìletò etí ọ̀sà mọ́ alájọbójútó, kí wọ́n ní àga nínú ìgbìmọ̀ tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ iyanrìn, kí wọ́n sì lè sọ pé ibi báyìí kọ́. Kí ìyàtọ̀ wà nínú òfin láàárín ẹni tí ó dọdẹ ẹran náà lọ sọ́jà àti ẹni tí ẹran náà há sí àwọ̀n rẹ̀ ní òru. Apẹja tí ó bá gé àwọ̀n rẹ̀ kí manatee lè jáde láàyè, kí a san owó àwọ̀n náà fún un. Bí ẹran bá há sí àwọ̀n lónìí, apẹja ní ọ̀nà méjì: kí ó pàdánù àwọ̀n tí ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀, tàbí kí ó pa ẹran náà kí ó sì panu mọ́. Òfin tí ó bá fi ènìyàn sí irú oríta bẹ́ẹ̀ mọ èyí tí yóò yàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìjọba ní ọkọ̀ ayára-bí-àṣá, ó ní ilé ẹjọ́, ó ní owó. Kò mọ ibi tí ẹran náà ń sùn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì.

Mo lọ kí bàbá náà láìpẹ́ yìí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í sì í lọ sórí omi mọ́ àfi bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá wà ọ́ lọ gba atẹ́gùn. Ó fi ọwọ́ pè mí sún mọ́ ọn, ó ní òun ní ìròyìn fún mi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti rí koríko tí orí rẹ̀ gé ṣákáṣáká. Ó padà lọ ní òru, ó sì gbọ́ èémí méjì, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré.

Ó sọ orúkọ ibẹ̀ fún mi. Ó wá wò mí lójú, ó ní: "Nísinsìnyí o ti bi mí, mo sì ti sọ fún ọ. Ṣé wàá kọ ọ́?"

Mo ní: "Rárá, bàbá. N kò ní kọ ibẹ̀."

Mo mọ ibi tí ó wà. Ó wà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ẹ̀yin tí ẹ mọ omi wa sì mọ̀ pé ibẹ̀ fẹ̀. Ibi tí mo lè kọ ọ́ dé nìyí, títí di ọjọ́ tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò ní àga níbi tí wọ́n ti ń pín ọ̀sà.